Èmi Ni Ìyá Onírin Tí Gbogbo Agbo Ń Wárí Fún

Bàbá Télọ̀ ni mo rí tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù wa bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa ń wá gba aṣọ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n wọn kanlẹ̀. Wọ́n da lọ́fínńdà sára débi pé òórùn ọṣẹ inú ṣọ́ọ̀bù pàápàá yà fún wọn. Àpò bébà kan wà lábẹ́ apá wọn, wọ́n sì há a mọ́ra bí ẹni tó gbé ẹyin.

Mo ti nawọ́ sókè láti bá wọn mú ṣẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ lórí ìkọ́. Oníbàárà wa àtijọ́ ni wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ télọ̀, ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, àmọ́ fúnra wọn ni wọ́n ṣì ń rán gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń wọ̀.

Wọ́n ní kí n fi ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ, wọ́n tún kọ́là ọrùn ara wọn ṣe.

"Ọmọ mi, jọ̀wọ́, bá mi pe Ìyá Onírin. Sọ fún wọn pé Abẹ́rẹ́ Àgbà ti dé."

Irin gbígbóná wà lọ́wọ́ mi. Díẹ̀ ló kù kí n gbé e lé ìka ara mi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kò sí ìyá àgbà kankan nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni Ìyá Onírin. Ọmọkùnrin ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni, ohun tó wà ní àgbọ̀n mi ò sì tíì tó ohun tí èèyàn ń pè ní irùngbọ̀n.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ni mo ń gbé. Àǹtí ni mò ń pè wọ́n. Alágbàfọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù la sì ń gbé. Iṣẹ́ náà bá mi lára mu, nítorí aṣọ kì í béèrè pé kí ló dé tí o fi dákẹ́.

Bàbá mi ní tiwọn, oògùn eku àti ti aáyán ni wọ́n ń tà kiri àdúgbò pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọjọ́ tí Àǹtí bá ti sú mi, kí n máa bọ̀ wálé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kejì ti wà nílẹ̀ dè mí. Èmi tí mo máa ń fẹ́ wọlẹ̀ tí ẹnì kan bá kí mi lójijì. Tí mo bá lá àlá burúkú, àlá ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá láyé nígbà yẹn: kí Àǹtí má dá mi padà.

Ohun kejì ni kí àwọn èèyàn wo fídíò mi. Ohun kejì yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ti àkọ́kọ́ jẹ́.

Fídíò bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ ni mò ń ṣe. Mi ò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ojú mi ò sì hàn. Ọwọ́ mi nìkan ni ẹ máa rí, àti irin, àti aṣọ. Mo pe orúkọ ara mi ní Ọwọ́ Ló Ń Ṣiṣẹ́. Àbúrò mi nìkan ló ń wò ó, ìyẹn náà sì jẹ́ ìgbà tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan.

Ìgbà náà ni mo rí ẹgbẹ́ kan lórí ẹ̀rọ ayélujára tí wọ́n ń pè ní Agbo Alágbàfọ̀. Àwọn alágbàfọ̀, àwọn télọ̀ àti àwọn tí kò mọ aṣọ fọ̀ rárá, gbogbo wọn ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Òfin wọn ò pọ̀: ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí o tó gbé tìrẹ jáde, má sì ṣe polówó ara rẹ.

Mo ka òfin náà. Mo ní ìyẹn kan àwọn ẹlòmíràn.

Ẹnì kan béèrè ohun tó ń yọ epo ọkọ̀ kúrò lára ṣòkòtò. Mo gbé fídíò mi síbẹ̀, fídíò apá ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ ìfọṣọ òun ń ké bí ewúrẹ́. Mo gbé fídíò mi síbẹ̀. Obìnrin kan kọ ọ́ pé aṣọ tí ìyá òun fi sílẹ̀ kó tó kú ti ṣí, ó ní òun ò yéé sunkún. Gbogbo èèyàn ń bá a kẹ́dùn. Mo gbé fídíò mi síbẹ̀, mo sì fi kún un pé, "Ẹ wò ó títí dé òpin, ó dùn."

Alábòójútó Agbo, obìnrin kan tó ń bá ilé ìtura fọṣọ, ló dá mi lóhùn lójú gbogbo ayé.

"Ìwọ Ọwọ́ Ló Ń Ṣiṣẹ́, ṣé o ò rí i pé ọ̀fọ̀ la wà ni? Ibi tí wọ́n ti ń sunkún lo gbé ọjà lọ."

Ó ní tí mo bá tún dán an wò, òun á dà mí nù bí omi ìṣanṣọ. Inú yàrá ni mo wà, èmi nìkan, síbẹ̀ mo fi aṣọ bo orí.

Ó yẹ kí n jáwọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, àwọn àgbà náà ló sì sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Wọn ò kàn sọ fún mi pé ẹni tó bá ń gún àgúnmu láìwo ọmọ odó, yóò gún ìka ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Òfin ní mi ò gbọdọ̀ yin ara mi. Kò sọ pé ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ yìn mí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣí àkáǹtì kejì, tí mo sọ ọ́ ní Ìyá Onírin. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń kó ẹyin iná sínú irin ni ìyá náà ti ń lọ aṣọ.

Ó wá ku àwòrán. Mi ò lè lọ bá ìyá arúgbó kan ní títì pé kó jẹ́ kí n ya àwòrán ọwọ́ rẹ̀, nítorí mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní títì. Mo bá ki ọwọ́ òsì mi bọ inú omi ìṣanṣọ. Mo jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ títí tó fi hunjọ wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Mo wọ́n sítáàsì díẹ̀ sí i kó lè funfun bí ọwọ́ arúgbó, mo gbé e lé orí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń lọ aṣọ, mo sì yà á. Nígbà tí mo wo àwòrán náà, díẹ̀ ló kù kí n kí i pé ẹ kú àárọ̀, mà.

Àṣé ohùn tí mi ò ní, ìyá náà ní in. Èmi tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan kí n tó pa á rẹ́, bí mo bá ti di Ìyá Onírin báyìí, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, àmọ́ mo ní kí n yọjú." Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màá dá wọn lóhùn lórí ìpẹtà, lórí àbàwọ́n, lórí bọ́tìnnì tó já. Ohun tí Àǹtí kọ́ mi ni mo sì ń sọ, nítorí náà òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí ọ̀rọ̀ ni irọ́ máa ń wà: "Ẹ wo fídíò ọmọ kan tó ń jẹ́ Ọwọ́ Ló Ń Ṣiṣẹ́. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò mọ̀ ọ́n rí o."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Wọ́n ń tẹ àtàǹpàkò, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Alábòójútó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí abẹ́ fídíò mi pé tí kì í bá ṣe Ìyá, òun ì bá ti lé ọmọ dáadáa dànù.

Àmọ́ Ìyá ni wọ́n fẹ́ràn, kì í ṣe èmi. Wọ́n kúrò lórí ọ̀rọ̀ aṣọ, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ilé. Obìnrin kan ní ọkọ òun ò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi tí mi ò tíì di ọwọ́ ọmọbìnrin kankan mú rí, mo ní kó gbé ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ náà fẹ́ràn jù lọ, kó máa lọ̀ ọ́ lójú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kó lọ apá kan kó sì fi ìkejì sílẹ̀. Ọkọ náà béèrè pé kí ló dé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ padà nìyẹn. Obìnrin náà gbàdúrà fún mi pé kí n dàgbà, kí n darúgbó. Mo ní àṣẹ.

Ọkùnrin àgbà kan náà wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Abẹ́rẹ́ Àgbà. Àárọ̀ kò lè mọ́ kó má kí Ìyá Onírin. Ó ní òun kì í jẹun láàárọ̀ láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú. Mo bá a wí bí ìyá ṣe ń wí, mo ní tí kò bá jẹun, mi ò ní dá a lóhùn. Ó jẹun. Ó ya àwòrán abọ́ tó ti ṣófo ránṣẹ́.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn mi.

Mo wọ àárín àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a sá, mo há ohùn mi mọ́ ọ̀fun, mo ń dán an wò: "Ọmọ mi... ọmọ mi..." Àǹtí gbọ́. Wọ́n gbé oògùn ikọ́ wá, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi gbé e mì. Mo kọ̀wé sí Abẹ́rẹ́ Àgbà pé dókítà ní kí n má lo ohùn mi fúngbà díẹ̀.

Ìgbà tó tún yá, ó ní kí n fi ìwọ̀n ara mi ránṣẹ́, òun fẹ́ rán nǹkan kékeré fún mi. Mi ò mọ ìwọ̀n ìyá arúgbó. Mo mú okùn ìwọnṣọ, mo wọn ara mi.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ eré. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ ló kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí ń jẹun, wọ́n ní àwọn ti rí ìyá kan nínú Agbo Alágbàfọ̀ lórí fóònù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí oyin. Wọ́n ní ìyá náà sọ pé ẹ̀yìn kọ́là ni èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ́n omi sí kó tó lọ iwájú. Wọ́n ní kí n fi kọ́gbọ́n. Ẹ̀yin èèyàn mi, Àǹtí ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ń fi ohun tí wọ́n kọ́ mi kọ́ mi padà, tìyanu-tìyanu. Mo ní ìyá náà gbọ́n gan-an.

Láìpẹ́ sígbà náà, mo wà nídìí irin, Àǹtí wà lódìkejì pákó tó pín ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìka kan tẹ fóònù, tó, tó, tó, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Ó pẹ́. Fóònù wá gbọ̀n nínú àpò mi.

"Ìyá mi, ẹ dákun," ni ọ̀rọ̀ náà wí. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi. Kì í sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí ló fẹ́ àbí bàbá rẹ̀ ló ń sá fún. Èmi ò bímọ. Ẹni tí màá fi ṣọ́ọ̀bù yìí lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ni mò ń wá. Ṣé kí n dá a padà ni?"

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀ lẹ́yìn pákó. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi: kí n gba ẹ̀gbẹ́ pákó kọjá, kí n kúnlẹ̀, kí n jẹ́wọ́; tàbí kí n dáhùn.

Mo dáhùn. "Ọmọ mi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́. Má dá a padà." Mo fi ránṣẹ́. Mo wá ronú díẹ̀, mo kọ ìkejì: "Kí o sì máa wo oúnjẹ rẹ̀ dáadáa."

Oúnjẹ tí mo tún jẹ, ẹran méjì ló wà lórí rẹ̀.

Ojúkòkòrò ò ní ìsinmi. Ìyá Onírin ní kí ọmọ náà má máa pọn omi láàárọ̀, ó lè ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Àǹtí ń pọn omi fúnra wọn. Ìyá Onírin ní ọmọ tó ń dàgbà nílò afẹ́fẹ́. Àǹtí gbé fáànù wọn wá sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi. Ìyá Onírin ní kí wọ́n fún ọmọ náà láyè díẹ̀ lọ́sàn-án, bóyá ó ní nǹkan tó ń fi fóònù ṣe. Àǹtí á gbé irin lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní, "Lọ sinmi, Ìyá mi ní kí n má pa ọ́." Mo lọ sinmi. Mo lọ ṣe fídíò.

Ẹni tí wọ́n bá finú hàn tẹ́lẹ̀, wọn kì í dáwọ́ dúró. Àǹtí sọ ọ̀rọ̀ mìíràn fún Ìyá Onírin, ohun tí wọn ò sọ fún alààyè kankan rí. Ẹ má retí pé màá kọ ọ́ síbí. Mo kà á, ó dùn mí, síbẹ̀ mi ò jẹ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣẹ̀.

Bí Abẹ́rẹ́ Àgbà ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa ló kù. Ó ní kí Ìyá Onírin ya àwòrán ṣẹ́ẹ̀tì kan tó lọ̀, kí ojú òun rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo yẹ gbogbo ìkọ́ wò, mo mú ṣẹ́ẹ̀tì tó rẹwà jù nínú ṣọ́ọ̀bù, èyí tí kọ́là rẹ̀ lè dá dúró láìsí ọrùn. Ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá Télọ̀ ni. Kò wá sí mi lọ́kàn pé Bàbá Télọ̀ lè máa jẹ́ orúkọ mìíràn lórí fóònù. Kò sì wá sí mi lọ́kàn pé bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀ ni télọ̀ ṣe ń mọ ojú abẹ́rẹ́ tirẹ̀.

Òun ló fi wẹ̀, tó fá irùngbọ̀n, tó sì dúró níwájú mi.

Mo sọ fún Bàbá Télọ̀ pé Ìyá Onírin ti rìnrìn àjò. Wọ́n ní níbo. Mo ní ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní ṣebí láàárọ̀ yìí ló sọ fún àwọn pé òun wà nídìí irin. Mo ní lẹ́yìn ìyẹn ló gbéra.

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n?" Bàbá Télọ̀ bi mí, àánú sì wà lójú wọn.

Àǹtí ti jáde láti yàrá ìfọṣọ, omi ń kán lápá wọn. Wọ́n ní ta ló ń pe Ìyá Onírin. Bàbá Télọ̀ ní àwọn ni. Bí àwọn méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni tó rí ẹbí tó ti sọnù. Wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ọgbọ́n Ìyá Onírin fún ara wọn. Àǹtí tilẹ̀ nu ojú. Èmi ń wo fèrèsé bóyá mo lè gba ibẹ̀ kọjá.

Bàbá Télọ̀ wá fi àwòrán han Àǹtí. Wọ́n ní ṣẹ́ẹ̀tì àwọn rè é, ọwọ́ àwọn ló rán ìdí kọ́là yẹn, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni Ìyá wà.

Àǹtí gba fóònù. Wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wo bùláńkẹ́ẹ̀tì abẹ́ rẹ̀, àti ojú ibi tí irin ti jó o. Àwọn fúnra wọn ló jó o. Wọ́n tẹ àwòrán Ìyá Onírin, èyí tó jẹ́ ọwọ́ nìkan, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e súnmọ́.

"Ọwọ́ yìí ò gbó," ni wọ́n sọ jẹ́jẹ́. "Omi ló mu ún."

Wọ́n na ọwọ́ tiwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi jáde fún Bàbá Télọ̀ wò. Bákan náà ni. Wọ́n wá fi ẹsẹ̀ fa korobá ìṣanṣọ wá síwájú mi.

"Bọ ọwọ́ rẹ síbẹ̀. Ti òsì."

Mo bọ̀ ọ́. Bàbá Télọ̀ jókòó sórí àga oníbàárà. A ń dúró. Oníbàárà kan gbé aṣọ ibùsùn wọlé, ó rí wa tí a pagbo yí korobá ká, ó béèrè ohun tí a ń ṣe. Àǹtí ní a ń rẹ nǹkan ni. Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ń wò.

"Kí ló ta sí i?" ló béèrè nígbà tó yá.

"Irọ́," ni Àǹtí dá a lóhùn.

Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ sókè. Ó ti hunjọ. Àǹtí gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka kan kò yẹ̀ sí ìkejì. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń sọ pé ọwọ́ pálábá ẹnì kan ségi, tèmi kò ségi rárá, inú omi ni wọ́n ti fà á yọ.

Bàbá Télọ̀ wo ọwọ́ náà títí. Ojú wọn ò le. Ìyẹn ló burú.

"Ìwọ lo ní kí n máa jẹun láàárọ̀?"

Mo ní èmi ni, sà. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní àwọn ti lọ ra abọ́ tuntun tìtorí ẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n wá tú àpò bébà náà. Búláòsì ni, olódòdó, apá rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Wọ́n gbé e lé mi ní èjìká, wọ́n fà á níbí, wọ́n fà á lọ́hùn-ún. Mo rí i tí ìbànújẹ́ kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀ tí iṣẹ́ sì gba ipò rẹ̀.

"Ó bá a mu rẹ́gí," wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé ó dùn wọ́n láti gbà. "Wọ̀ ọ́. Mi ò rán aṣọ tí ẹnì kan ò ní wọ̀ rí."

Mo wojú Àǹtí. Kò sí ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀. Mo wọ̀ ọ́.

Àǹtí gbé fóònù wọn sókè sí ojú mi. "Ìwọ lo fẹ́ kí ayé máa wo fídíò rẹ. Ó dáa. Ojú la fẹ́ rí lónìí, ọwọ́ ti tó. Bá Agbo sọ̀rọ̀."

Bí mo ṣe jẹ́wọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn ara mi, nínú búláòsì olódòdó. Bàbá Télọ̀ ní kí n dúró gbọnrangandan, mò ń ba apá aṣọ jẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ọwọ́, omi, sítáàsì, bí mo ṣe ń yin ara mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin tí mo gbé ọjà lọ síbi ọ̀fọ̀ rẹ̀. Oníbàárà tó gbé aṣọ ibùsùn wá pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo parí, Àǹtí sì wò ó, ó sì dáwọ́ dúró.

Agbo gbiná. Alábòójútó lé èmi àti Ìyá Onírin jáde pa pọ̀. Àwọn kan bẹ̀ ẹ́ pé kó lé ọmọ náà nìkan, kó fi Ìyá sílẹ̀. Obìnrin tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lápá kan béèrè bóyá òun àti ọkọ òun gbọ́dọ̀ padà sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Obìnrin ọlọ́fọ̀ kọ ọ́ pé òun ti dárí jì mí, àmọ́ kí n má gbé fídíò kankan sí abẹ́ ọ̀rọ̀ òun mọ́ láéláé. Àǹtí ló kà á fún mi. Wọ́n kà á geere bí ẹni ń ka ìwé ìpè ilé ẹjọ́.

Bàbá Télọ̀ gba ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọ́n yẹ kọ́là rẹ̀ wò, wọ́n ní ó le dáadáa, wọ́n sì lọ. Oníbàárà náà lọ. Ó wá ku èmi àti Àǹtí, àti agbọ̀n aṣọ ràgàjì kan tí a kò tíì fọwọ́ kàn.

Mo bọ́ búláòsì, mo ká a. Mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí.

Àǹtí ní ẹran kọ́ ló dun àwọn. Fáànù kọ́, omi pípọn kọ́. Wọ́n ní ohun tí àwọn sọ fún ìyá yẹn, àwọn rò pé ẹni tó gbọ́ ọ ti dàgbà tó láti gbé e. Mo ní mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní àwọn mọ̀, nítorí èmi kì í sọ nǹkan kan.

Wọ́n jókòó sórí àga tí Bàbá Télọ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Mo béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ Ìyá Onírin, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló dá mi lóhùn. Mi ò ní ẹlòmíràn tí màá bi. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ṣé kí n dá ọ padà?"

Mo fẹ́ dákẹ́. Ẹnu mi ti ń pa dé. Mo rántí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo tún rántí pé mo jẹ ẹran yẹn.

"Ẹ̀tọ́ ni kí ẹ dá mi padà, mà," ni mo wí. "Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, màá ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ tán kó tó máa lọ."

Àǹtí wò mí. "Ṣẹ́ẹ̀tì kì í tán níbí."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

Wọ́n dìde. Mo rí i tí ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọn kan gbọ̀n, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ìbínú. Wọ́n mú báàgì wọn. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti agbọ̀n aṣọ náà sọ́dọ̀ mi, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n ní kí n má gbàgbé láti kọ́kọ́ wọ́n omi sí ẹ̀yìn kọ́là, wọ́n sì jáde lọ sọ́jà.